Nígbà tí Iyè Bá Tòrò: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Samadhi àti Àwọn Ipò Gíga inú Yógà àti Àṣàrò

Òkun o, gbogbo ilé. Kàbà ní ilẹ̀ Òkun ni mo wà tí mo ń kọ èyí. Láti ìgbà tí àwọn ará àdúgbò ti mọ̀ pé mo máa ń jókòó jẹ́ẹ́ ní ìdájí kí n tó jáde, ìbéèrè kò tán lẹ́nu wọn. Àwọn kan bi mí lẹ́yìn ìsìn, àwọn kan bi mí níbi ìgbéyàwó ní Ìyàrá, àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó àti Àbújá sì ń fi tiwọn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo kó wọn jọ síbí. Èyí tó gba àlàyé gígùn, mo fà á gùn. Èyí tí gbólóhùn mẹ́ta tó fún, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí ni ẹ ń pè ní ipò iyè tó ga jù lọ gan-an?

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ ná. Iyè ni mo wí, n kò wí ìyè. Ìyè ni pé ènìyàn ò tíì kú. Iyè ni ohun tí a fi ń mọ̀, tí a fi ń rántí. Òun ló máa ń rà nígbà tí a bá gbàgbé nǹkan, òun náà ni àwọn àgbà ń ṣe oògùn ìsọ̀yè sí.

Àwọn ará Íńdíà àtijọ́ wo iyè yìí dáadáa, wọ́n sì bi ara wọn pé: bó ṣe ń yí padà láti àárọ̀ di òru, kí ló wà níbẹ̀ tí kì í yí padà? Ìwé kékeré kan, Mandukya Upanishad, tí kò ju ẹsẹ 12 lọ, ló dáhùn lọ́nà tó ṣe kedere jù lójú tèmi. Ó ka ipò mẹ́ta tí gbogbo wa mọ̀. Àkọ́kọ́ ni ìgbà tí a jí, tí ojú àti etí ń bá ayé lò. Èkejì ni ìgbà tí a ń lálá, tí ọkàn ń dá ayé tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀kẹta ni oorun àsùnwọra, tí àlá kankan ò sí. Ó wá sọ pé ọ̀kan tún wà, turiya. Ìtumọ̀ turiya ò ju "ẹ̀kẹrin" lọ. Wọn ò fún un lórúkọ mìíràn, nítorí ohun tí kì í ṣe ni wọ́n fi ń júwe rẹ̀: kì í ṣe mímọ ohun tó wà níta, kì í ṣe mímọ ohun tó wà nínú, kò sì ṣeé dì mú.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣì í lóye ni pé wọ́n rò pé ẹ̀kẹrin yìí jẹ́ yàrá mìíràn tí a máa ṣílẹ̀kùn wọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo òfì. Òwú tí wọ́n kọ́kọ́ ta sórí rẹ̀ lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Pupa ni obìnrin náà fi hun ún ni o, búlúù ni o, funfun ni o, òwú ìpìlẹ̀ yẹn wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀, a ò kàn wò ó ni. Jíjí, àlá àti oorun ni àwọn àwọ̀ wọ̀nyẹn. Turiya ni òwú tí wọ́n ta. Ìwé náà tún so ó mọ́ ìró OM: ó pín in sí A, U, M fún ipò mẹ́ta àkọ́kọ́, ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀lé ìró náà sì ni ti ẹ̀kẹrin.

Ṣé kì í ṣe oorun ni? Àbí dídákú?

Rárá o. Bí a bá wò ó láti ìta, ó lè jọ ọ́, nítorí pé ẹni náà jókòó, kò mira, èémí rẹ̀ sì fúyẹ́. Vivekananda, olùkọ́ ará Íńdíà tó gbé ọ̀rọ̀ yógà lọ sí Chicago ní 1893, fi ìyàtọ̀ wọn hàn báyìí: bí òmùgọ̀ bá sùn, òmùgọ̀ ni yóò jí, ṣùgbọ́n bó bá wọ inú samadhi, ìyẹn ipò gíga tí à ń sọ yìí, ọlọ́gbọ́n ni yóò jáde. Nínú oorun, iyè rì. Nínú samadhi, gbogbo ohun tó ń rú iyè ló rọlẹ̀, iyè fúnra rẹ̀ sì wà lójúfò ju ti ọ̀sán gangan lọ.

Báwo ló ṣe ń lọ láti ìsàlẹ̀ dé òkè? Mo rí àwọn tó ń na ẹsẹ̀ lórí ẹní lórí Instagram. Ṣé yógà náà nìyẹn?

Ara rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹyọ kan nínú mẹ́jọ ni. Ẹni tó to ọ̀nà náà lẹ́sẹẹsẹ ni Patanjali, olùkọ́ kan ní Íńdíà àtijọ́, nínú gbólóhùn kúkúrú 196 tí wọ́n pín sí apá mẹ́rin. Ní gbólóhùn kejì gan-an ló ti sọ ohun tí yógà jẹ́: kí ìrúkèrúdò inú ọkàn rọlẹ̀. Èmi máa ń pè é ní kí iyè tòrò. Ọ̀rọ̀ kan náà tó wà nínú orúkọ Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ ni. Omi tí kò tòrò, bó ti wù kí ojú ẹni mọ́lẹ̀ tó, kò lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ìwà ni Patanjali fi ṣe ẹsẹ̀ kìíní àti ìkejì: má ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, má purọ́, má jalè, kó ara rẹ níjàánu, má ṣe wọ̀bìà, jẹ́ mímọ́, ní ìtẹ́lọ́rùn. Lẹ́yìn ìwà ló tó kan ìjókòó, tó kan èémí, tó kan fífa ojú àti etí padà sílé. Àwọn mẹ́ta ìkẹyìn ni dharana, dhyana àti samadhi. Dharana ni pé kí o so ọkàn mọ́ ojú kan. Dhyana ni pé kó máa ṣàn lọ síbẹ̀ láìjá, bí òróró tí a ń dà láti inú ìgò kan sí òmíràn. Samadhi ni pé ohun tí o ń wò nìkan ló kù, tí "èmi ni mò ń wò ó" ti ká kúrò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ lásán nìyẹn títí ènìyàn yóò fi fojú rí i. Ẹ̀yìnkùlé ìyá ìyá mi ni èmi ti kọ́kọ́ rí ohun tó jọ ọ́. Obìnrin ahunṣọ ni, ó máa ń gbé òfì rẹ̀ ti ògiri gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá ilẹ̀ Búnú àti Ìjùmú ṣe ń ṣe, yóò sì jókòó síwájú rẹ̀ lórí àpótí. Èmi ni mo máa ń gbá òwú jọ fún un. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ń dáhùn ìkíni ẹni tó ń kọjá, ó ń lé ewúrẹ́, ọwọ́ rẹ̀ a ṣì òwú mú, a padà sẹ́yìn, a tún un kà. Bó bá ṣe díẹ̀, ohùn rẹ̀ yóò lọ sílẹ̀, ohun tí èmi yóò máa gbọ́ kò ju ìró pátákó pẹlẹbẹ tó fi ń gbá òwú mọ́lẹ̀ lọ: gbà, gbà, gbà, pẹ̀lú àlàfo kan náà láàárín wọn. Lọ́jọ́ kan òjò bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń ta sí i lẹ́sẹ̀, ó dé orúnkún. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta, "Màmá! Màmá! Màmá!" Kò gbọ́. Ìgbà tí mo fọwọ́ kàn án léjìká ló yíjú, ojú rẹ̀ mọ́ roro bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ó ní, "Ìgbà wo lòjò bẹ̀rẹ̀?"

N kò sọ pé ìyá ìyá mi wọ inú samadhi ọjọ́ yẹn. Ohun tí mo rí ni apá ibi tí ọ̀nà náà dojú kọ. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé iṣẹ́ ló fa ìyá àgbà wọ ibẹ̀, bí iṣẹ́ bá sì tán, ó tán. Ẹni tó ń ṣe àṣàrò ń mọ̀ọ́mọ̀ lọ, kò sì ní aṣọ kankan lọ́wọ́.

Oríṣi samadhi mélòó ló wà? Mo ka ìwé kan, orúkọ pọ̀ jù.

Orúkọ pọ̀ lóòótọ́, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Ìpín ńlá méjì ni. Ọ̀kan ní irúgbìn, èkejì kò ní.

Èyí tó ní irúgbìn ṣì ní ohun kan tí ọkàn gbé dání. Patanjali to ìgbésẹ̀ mẹ́rin síbẹ̀, láti orí ohun tó ki dé orí ohun tó fúyẹ́: ohun tó ṣeé fojú rí, bí iná àtùpà, ohun tí èrò nìkan lè dé, ayọ̀ tí kò ní ìdí, lẹ́yìn náà, mímọ̀ pé "mo wà" nìkan, láìsí "èmi lágbájá ọmọ lágbájá". Ibi ayọ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ ti máa ń dúró, wọ́n á ní àwọn ti dé. Wọn ò tíì dé.

Èyí tí kò ní irúgbìn, gbogbo rẹ̀ ti rọlẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi lo ọ̀rọ̀ irúgbìn ni pé ohun gbogbo tí a bá ṣe tàbí tí a bá rò máa ń fi àmì sílẹ̀ nínú wa, àmì yẹn sì máa ń hù bí òjò bá ti rọ̀ sí i: ìbínú àná ń hu ìbínú òní. Àwọn olùkọ́ yógà àtijọ́ ní irúgbìn tí iná ti jó kì í hù mọ́. Àwa tí à ń yan àgbàdo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni: ó ṣì jọ àgbàdo, ó ní àwọ̀, ó ní ìrísí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò gbin àyangbẹ kó máa retí èéhù. Ní ìparí apá kẹrin, Patanjali sọ̀rọ̀ samadhi kan tó pè ní dharmamegha, ìyẹn ìkúùkuu òdodo. Ẹni tí kò wá èrè kankan mọ́, títí kan èrè ìmọ̀ tó ga jù lọ, ni ìkúùkuu náà ń rọ̀ sí. Mo máa ń dúró pẹ́ níbí yìí bí mo bá ń kà á. Ohun tí ènìyàn fi gbogbo ayé wá, ìgbà tó bá yọwọ́ kúrò lórí rẹ̀ ló ń dé.

Ìyàtọ̀ kan tún wà tí mo kà sí pàtàkì ju gbogbo orúkọ wọ̀nyí lọ. Ọ̀dọ̀ Ramana Maharshi, olùkọ́ kan ní gúúsù Íńdíà, ló ti wá. Ní 1896, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 16 nílé àbúrò bàbá rẹ̀ ní Madurai, ẹ̀rù ikú dédé gbá a mú. Kò sá. Ó dùbúlẹ̀, ó na gbọnrangandan bí òkú, ó wá bi ara rẹ̀ pé: bí ara yìí bá kú, ta ló kú? Ohun tó rí lọ́jọ́ náà kò fi í sílẹ̀ mọ́. Láìpẹ́ ó lọ sí ìdí òkè Arunachala ní Tiruvannamalai, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi kú ní 1950. Ó ní samadhi tí ọkàn wulẹ̀ rì fún ìgbà díẹ̀ dà bíi garawa tí a sọ sínú kànga. Omi bò ó mọ́lẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n okùn ṣì wà lára rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ yóò fà á jáde. Ẹni tó ti fa omi kànga ní Kàbà nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ mọ bí garawa náà ṣe ń gbá ògiri bọ̀ lókè. Sahaja, ìyẹn samadhi àdánidá tí kì í lọ mọ́, lòdì sí èyí, òun sì ni Ramana kà sí tòótọ́: odò tó ti wọ inú òkun. Kò sí okùn, kò sí ẹni tí yóò fà á padà. Ẹni tó wà nínú sahaja ń jẹun, ó ń ka ìwé ìròyìn, ó ń gé ẹ̀fọ́ nílé ìdáná, ìparọ́rọ́ náà ò sì já.

Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà náà ńkọ́?

Wọ́n ní àtẹ̀gùn tiwọn, jhana ni wọ́n ń pè é. Mẹ́rin kọ́kọ́ wà: ní àkọ́kọ́, èrò ṣì wà pẹ̀lú ayọ̀, ní ìkejì, èrò dákẹ́, ní ìkẹta, ìdùnnú tó ń ru ara sókè rọ̀, ìtura nìkan ló kù, ní ìkẹrin, ìtura náà lọ, ọkàn wà ní déédéé. Lẹ́yìn wọn, mẹ́rin mìíràn tí kò ní ìrísí: òfuurufú tí kò lópin, mímọ̀ tí kò lópin, àìsí ohunkóhun, àti ipò kan tí a ò lè pè ní mímọ̀, tí a ò sì lè pè ní àìmọ̀.

Ìtàn tó wọ̀ mí lọ́kàn jù níbẹ̀ ni ti Gotama fúnra rẹ̀ kó tó di Búdà. Ó lọ sọ́dọ̀ Alara Kalama, ó kọ́ dé ipò keje. Olùkọ́ náà ní kó wá bá òun jókòó, kí àwọn jọ máa kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn. Ó dìde. Ó lọ sọ́dọ̀ Uddaka Ramaputta, ó kọ́ dé ìkẹjọ. Ó tún dìde. Ohun tó rí ni pé bí ènìyàn bá jáde nínú àwọn ipò wọ̀nyẹn, ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ àti ìbẹ̀rù ṣì ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Nirvana tó wá rí nígbẹ̀yìn kì í ṣe ipò kẹsàn-án lórí àtẹ̀gùn. Kíkú iná ni: iná wọ̀bìà, iná ìkórìíra, iná àìmọ̀kan.

Wọ́n ní ẹni tó bá dé òkè máa ń mọ̀ pé òun ń sùn, kódà nínú oorun. Ṣé òótọ́ ni?

Ohun tí wọ́n kọ́ni nìyẹn. Maharishi Mahesh Yogi, olùkọ́ àṣàrò ará Íńdíà tó kú ní 2008, to ipò méje: jíjí, àlá, oorun, ìparọ́rọ́ tó kọjá èrò, lẹ́yìn náà àwọn mẹ́ta tó ga ju ìyẹn lọ. Ìkarùn-ún ni pé ìparọ́rọ́ náà kì í lọ mọ́, ó wà lábẹ́ jíjí, lábẹ́ àlá, lábẹ́ oorun. Ìdí òwú tí mo sọ lókè náà ló padà sí.

Ṣé wọ́n máa ń fò ni? Wọ́n máa ń mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹlòmíràn?

Patanjali lo apá kẹta ìwé rẹ̀ láti ka irú agbára bẹ́ẹ̀. Àárín ibẹ̀ gan-an ló ti sọ pé wọ́n jẹ́ ìdíwọ́ sí samadhi. Ẹni tó bá ń tà wọ́n fún yín, ẹ fi í sílẹ̀.

Ní ilẹ̀ Òkun, a mọ̀ pé ẹ̀mí máa ń gun ènìyàn. Ṣé ohun kan náà ni?

Ìbéèrè gidi ni, inú mi dùn pé ìyá kan láti Ìsánlú ló bi í. Àwọn ìyá wa tó wà nínú ẹgbẹ́ Òfósì mọ ipò yìí dunjú, wọ́n tilẹ̀ ní èdè tiwọn tí ẹni ìta ò gbọ́. Nínú ìjọ aláṣọ funfun náà, ẹ̀mí ń gun ènìyàn. N kò ní bu ẹnu àtẹ́ lu ọ̀kankan nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí àwa fúnra wa ń lò ti ya wọ́n sọ́tọ̀: gígùn. Bí a bá ní nǹkan gun ènìyàn, ẹni tó ń gùn wà, ẹni tí wọ́n ń gùn náà wà. Ẹni tí wọ́n gùn lè máà rántí ohun tó sọ. Nínú samadhi, kò sí agùn, kò sí agbégùn. Ara kì í gbọ̀n, ẹnu kì í sọ àsọtẹ́lẹ̀, iyè kì í rà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó máa ń sọ pé "èmi, èmi" dákẹ́, mímọ̀ sì kù.

Mo jẹ́ ọmọ ECWA. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ni mò ń dá? (Àwọn Mùsùlùmí náà bi í.)

Láti 1908 tí Tommie Titcombe, míṣọ́nnárì, ti dé ilẹ̀ Yàgbà, ìhìn rere ti di egungun àti ẹran ara ọ̀pọ̀ ìdílé wa, mi ò sì ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú àníyàn yìí. Ìdáhùn mi rèé. Ọ̀nà wà, ẹ̀kọ́ wà. Kí ènìyàn jókòó jẹ́ẹ́, kó máa wo èémí rẹ̀, kò sí ẹ̀sìn tó ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn mántírà kan, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń wí léraléra nínú àṣàrò, jẹ́ orúkọ òrìṣà Íńdíà, ẹ̀kọ́ àtúnwá sì wà nínú ìwé wọn. Bí ẹ̀rí ọkàn yín bá kọ ìyẹn, ẹ má ṣe é. Àdúrà tiyín ti tó.

Ọ̀rọ̀ "àṣàrò" tí a ń lò nínú Bíbélì tún yàtọ̀ díẹ̀. Nínú ìwé Jóṣúà, ó túmọ̀ sí kí a máa jẹ ọ̀rọ̀ òfin náà lẹ́nu tọ̀sán-tòru bí ẹní jẹ obì. Àṣàrò tí mò ń sọ níbí kò ní ohun tó ń jẹ. Síbẹ̀ àwọn onígbàgbọ́ tó rìn jìnnà nínú àdúrà ti bá ara wọn létí ìparọ́rọ́ kan náà. Teresa ti Ávila ní Sípéènì, tó kú ní 1582, kọ ọ́ bí ilé olódi kan tó ní ibùgbé méje, tí Ọba ń gbé nínú èyí tó wà láàárín gbùngbùn. Láàárín àwọn Mùsùlùmí, Junayd ti Baghdad, tó kú ní 910, kọ́ni pé ẹrú lè ṣòfò pátápátá níwájú Ọlọ́run, èyí tí wọ́n ń pè ní fana, ṣùgbọ́n pé ohun tó ga jù ú lọ ni kó padà wá pẹ̀lú ojú tó dá, kó máa sin àwọn ènìyàn. N kò sọ pé ohun kan náà ni gbogbo wọn rí. Àwọn fúnra wọn ò ní gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé gbogbo wọn ló bọ̀wọ̀ fún ìpadàbọ̀.

Kí ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí nínú ọpọlọ?

Hans Berger, dókítà kan ní Jámánì, ló kọ́kọ́ ká ìgbì iná mànàmáná ọpọlọ ènìyàn sílẹ̀, ní 1924. Láti ìgbà náà wọ́n ti mọ̀ pé ìgbì oorun àsùnwọra lọ́ra, pé ti ẹni tó jí yára, àti pé ti ẹni tó ń sinmi pẹ̀lú ojú dídì wà láàárín méjèèjì. Ní 2004, ní Wisconsin ní Amẹ́ríkà, Richard Davidson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn mẹ́jọ tí wọ́n ti ń ṣe àṣàrò lọ́nà ti Tibet fún wákàtí 10,000 sí 50,000. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ àṣàrò àánú, ìgbì tó yára jù, gamma, gbéra lọ́pọlọ wọn ju ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi wé wọn lọ fíìfíì.

Ìyẹn dára, ó sì fi hàn pé àṣàrò kì í ṣe ìtòògbé. Ẹ má sì gbé e kọjá ibi tó dé. Ènìyàn mẹ́jọ ni. Ẹ̀rọ náà ń gbọ́ ọpọlọ. Kò lè sọ fún wa bóyá ẹni náà ti rí turiya.

Mo rí iná aláwọ̀ búlúù nígbà tí mo jókòó, ara mi sì fúyẹ́. Ṣé mo ti dé?

Rárá, ọmọ mi. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí ọkàn bá ń rọlẹ̀. Àwọn olùkọ́ Zen, ẹ̀ka kan nínú ẹ̀sìn Búdà, ní kí a má lé e, kí a má sì tẹ̀ lé e. Padà sórí èémí rẹ.

Ṣé ó léwu?

Ó lè léwu, ó sì dùn mí pé àwọn tó ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sábà sọ ọ́.

Lọ́dún kan mo gba ọ̀nà mímí kan lẹ́nu ẹnìkan tí n kò mọ̀ rí, lórí fídíò. Mò ń di èémí mú fún wákàtí méjì lójúmọ́, mo sì gbààwẹ̀ mọ́ ọn, nítorí mo fẹ́ kó yá. Lọ́jọ́ karùn-ún, oorun fò lọ. Àyà mi ń já lóru. Mo gbé ọwọ́ mi sókè, mo ń wò ó bíi pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni, ohùn àwọn ará ilé sì ń bọ̀ bíi pé láti ìsàlẹ̀ kànga. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló wò mí lójú tó ní ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní eré. Ó gún iyán, ó jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán, ó sì kó mi lọ sóko lọ́jọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń ro ebè iṣu pẹ̀lú rẹ̀, láìjókòó ṣe àṣàrò ìṣẹ́jú kan. Oorun padà lọ́jọ́ kẹfà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Agbára ni èmi fi mú un.

Nítorí náà: bí oorun bá ń fò yín fún ọjọ́ mẹ́ta, bí ẹ bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́, bí ayé bá ń dà bíi pé kì í ṣe òótọ́, ẹ dá a dúró. Ẹ jẹun, ẹ rìn, ẹ fọwọ́ kan ilẹ̀, ẹ wà láàárín ènìyàn. Bí kò bá lọ, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ sì sọ gbogbo ohun tí ẹ ti ń ṣe fún dókítà. Ẹni tí àìsàn ọpọlọ ti ṣe rí, tàbí tó wà nínú ìdílé rẹ̀, kó bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ àṣàrò gígùn. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tìtorí àṣàrò fi oògùn tí dókítà fún un sílẹ̀.

Báwo ni mo ṣe lè bẹ̀rẹ̀ nílé mi?

Àga oníke ti tó. Ẹ má fi ẹ̀yìn tì í. Ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, ọwọ́ lórí itan, ojú dídì díẹ̀. Ìdájí ló dára jù, nígbà tí àkùkọ ti kọ tí àwọn ọmọ ò tíì jí, tí ọyẹ́ ṣì wà lára ògiri. Ẹ ká èémí jíjáde láti oókan dé ẹẹ́wàá, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan. Ẹ óò ṣìnà. Gbogbo ènìyàn ń ṣìnà. Ẹ̀ẹ̀kan náà tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ti wà ní orí ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé, ẹ padà sí oókan, ẹ má sì bú ara yín. Ìpadàbọ̀ yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà. Ìṣẹ́jú 15 tó fún oṣù àkọ́kọ́.

Ariwo ńkọ́? Èmi ń gbé nítòsí títì. Tírélà tó kó sìmẹ́ńtì láti Ọbájànà ń gba ibẹ̀ kọjá nígbà tí ilẹ̀ ò tíì mọ́, bó bá ń yí jíà, fèrèsé mi ń gbọ̀n. Fún ọdún kan mo ń bá a jà. Ìgbà tí mo jáwọ́ ìjà ni mo rí i pé ìró náà ń bẹ̀rẹ̀, ó ń ga, ó ń lọ, ibi tó ń lọ sí sì dákẹ́ rọ́rọ́ ṣáájú àti lẹ́yìn. Ní báyìí, àwọn tírélà náà wà lára àṣàrò mi.

Ọdún mélòó ló máa gbà?

Patanjali kò dá iye ọdún. Ó ní kó pẹ́, kó má já, kí a sì fi ọ̀wọ̀ ṣe é.

Ṣé mo nílò olùkọ́? Mélòó ni wọ́n ń gbà?

Olùkọ́ dára bí ẹ bá ti ń jókòó ju wákàtí kan lọ lójúmọ́. Ẹ wo ilé rẹ̀ kí ẹ tó wo ọ̀rọ̀ rẹ̀: báwo ló ṣe ń bá ọmọọ̀dọ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀? Owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ yé mi. Ẹni tó bá ní òun yóò fún yín ní samadhi láàárín ọjọ́ méje fún iye báyìí, ẹ má sanwó.

Báwo la ṣe lè dá ẹni tó ti dé mọ̀?

Àwọn ará Ṣáínà ní àwòrán mẹ́wàá kan, ti ọmọ kan tó ń wá màlúù rẹ̀ tó sọnù. Kuoan, àgbà Zen kan ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá, ló yà á. Ọmọ náà rí ẹsẹ̀ màlúù, ó rí màlúù, ó dè é, ó gùn ún délé. Lẹ́yìn náà màlúù kò sí mọ́, ọmọ náà sinmi. Àwòrán kẹjọ jẹ́ òbìrìkìtì òfìfo: màlúù kò sí, ọmọ kò sí. Ibẹ̀ ni àwọn kan tó yà á ṣáájú rẹ̀ parí sí. Kuoan fi méjì kún un. Nínú ìkẹsàn-án, igi wà, odò ń ṣàn, bí wọ́n ṣe ti wà tẹ́lẹ̀. Nínú ìkẹwàá, ọkùnrin kan tí ikùn rẹ̀ tóbi, tó ṣí àyà sílẹ̀, ń wọ ọjà bọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ṣíṣí.

Nítorí náà, bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà ní Kàbà, mi ò rò pé orí òkè ni ẹ óò ti rí i. Ọjà ni. Ó lè máa wọn gàárì, kó sì gbọn òkìtì náà kún dáadáa.

Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Ṣé ẹ ti débẹ̀?

Rárá. Ọmọ náà tó ń tọ ẹsẹ̀ màlúù ni mí.

Àárọ̀ kan wà ṣá, nínú ọyẹ́ ọdún tó kọjá. Mo ti ká èémí dé mẹ́rin. Àkùkọ aládùúgbò kọ. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ. Kíkọ àkùkọ náà nìkan ló wà, ó kún gbogbo ibẹ̀, ó sì mọ́ bí omi àpáta. Mi ò mọ̀ bóyá èémí méjì ló gbà tàbí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà èrò kan wọlé pé "nǹkan ṣẹlẹ̀ sí mi," mo sì ti padà sórí àga. Mo dìde, mo dáná, mo gbé omi ẹ̀kọ kaná fún ìyá mi.